Káàdì 52 kan náà, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bridge àti poker

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: bó bá jẹ́ káàdì kan náà ni wọ́n fi ń ta bridge àti poker, kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Ṣé iye ènìyàn ni, àbí bí wọ́n ṣe ń pín káàdì? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì so kọ́ra.

Káàdì 52 ni, àmì mẹ́rin ló sì wà lára wọn: spade, heart, diamond àti club. Àmì kọ̀ọ̀kan ní káàdì 13, láti orí 2 títí dé Jack, Queen, King àti Ace. Joker kò sí nínú bridge, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú Texas Hold'em, oríṣi poker tó gbajúmọ̀ jù. Títí dé ibí, ìbejì ni wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ni ọ̀nà wọn yà.

Ènìyàn mẹ́rin ló ń ta bridge, kò gbọ̀dọ̀ dín, kò gbọ̀dọ̀ lé. Àríwá, Gúúsù, Ìlà-oòrùn àti Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn méjì tó dojú kọra ló sì jẹ́ ẹgbẹ́ kan. Wọ́n á pín gbogbo káàdì tán, mẹ́tàlá-mẹ́tàlá. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n eré náà wà. Bí ẹ bá ní heart márùn-ún lọ́wọ́, ẹ mọ̀ dájú pé mẹ́jọ yòókù wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta tó kù. Ọ̀kan jáde, ẹ yọ ọ́ nínú ìṣirò. Ọ̀jáfáfá a máa mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí eré tó dé ìdajì, láìyọjú wo káàdì onítọ̀hún.

Kí wọ́n tó ju káàdì, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe gbàǹjo. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pe iye ìkó tó lè kó, àti àmì tó fẹ́ kó jẹ́ ọ̀gá, ìyẹn àmì tí káàdì rẹ̀ ń borí ti àwọn àmì yòókù. Ohun tí mo pè ní ìkó ni káàdì mẹ́rin tí wọ́n jù lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan; ẹni tí tirẹ̀ bá borí ló kó o. Ìkó 13 ló wà. Wọn kì í ka mẹ́fà àkọ́kọ́ mọ́ ìpè, nítorí náà ẹni tó pe spade mẹ́rin ti ṣèlérí ìkó mẹ́wàá. Ìpè yìí náà ni èdè tí ẹ fi ń bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀. Ikọ́, ìmí ẹ̀dùn, ojú ṣíṣẹ́, ìréjẹ ni gbogbo wọn. Kódà, àdéhùn tí ẹ ní lórí ìtumọ̀ ìpè, alátakò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Nígbà tí alátakò bá ti ju káàdì àkọ́kọ́, ẹnìkejì ẹni tó gba gbàǹjo á tẹ́ káàdì tirẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i, á sì dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tó gba gbàǹjo ni yóò máa ta ti àwọn méjèèjì. Dummy ni wọ́n ń pe ẹni tó dákẹ́ yìí, odi sì ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí láti ìpìlẹ̀. Àwọn Faransé tiẹ̀ ń pè é ní òkú!

Poker kò mọ ẹnìkejì. Olúkúlùkù ń ja ogun tirẹ̀, bí ẹni méjì bá sì dìmọ̀ lù nínú rẹ̀, olè ni wọ́n. Ènìyàn méjì lè ta á, mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá sì lè yí tábìlì kan ká. Nínú Texas Hold'em, káàdì méjì péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi pamọ́. Márùn-ún á ṣí sílẹ̀ láàárín fún gbogbo ènìyàn, nínú méje yẹn ni ẹ ó ti ṣa márùn-ún tó dára jù. Bí ẹni mẹ́fà bá jókòó, káàdì 17 péré ló ń ṣiṣẹ́. Márùndínlógójì yòókù wà nínú òkùnkùn, ìṣirò àwọn bridge kò sì lè dé ibẹ̀. Owó tí wọ́n ń fi lélẹ̀ ló rọ́pò rẹ̀: ẹni tí káàdì rẹ̀ kò dára lè fi owó ńlá dẹ́rù ba àwọn yòókù títí wọ́n á fi da káàdì nù, á sì kó owó láìfi ohunkóhun hàn. Inú ẹni lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé.

Nínú bridge, káàdì kan ló ń bá káàdì kan jà. Nínú poker, àkójọ márùn-ún ló ń jà: bóyá méjì tó bára mu, mẹ́ta, tàbí márùn-ún tó tò tẹ̀léra. Àmì kankan kò ju òmíràn lọ níbẹ̀. Nínú gbàǹjo bridge, spade ga ju heart.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí poker bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, káàdì 20 ni wọ́n ń lò, láti 10 sókè. Ènìyàn mẹ́rin, márùn-ún-márùn-ún, kò sì sí èyí tó ń ṣẹ́kù, bíi ti bridge gẹ́lẹ́. Ìgbà tí wọ́n gba káàdì 52 wọlé ni àyè gba èrò púpọ̀, tí òkùnkùn náà sì wọlé.