Ẹsẹ̀ wú, ìtọ̀ mọ́: ìfun ni kí ẹ yẹ̀ wò

Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín, ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà. Ẹ ní àìsàn Crohn, èyí tó ń dá egbò sínú ìfun, ló ń ṣe é, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọn ò rí purotéènì kankan nínú ìtọ̀ rẹ̀, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹyin lọ́pọ̀lọpọ̀ á mú wíwú náà lọ sílẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìfun tó dégbò ló ń jò. Albumin, purotéènì kan inú ẹ̀jẹ̀, ń gba ojú egbò bọ́ sínú ìgbẹ́, albumin yìí ló sì ń di omi mú sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Gíráàmù 35 sí 50 nínú lítà kan ló yẹ kó jẹ́. Tó bá já wálẹ̀ gan-an, omi á jò sínú ẹran ara.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn dókítà tó jẹ́ pé Lasix, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, ni wọ́n máa ń sáré kọ. Omi inú iṣan ni Lasix ń fà jáde, albumin kò sì tíì padà síbẹ̀. Òòyì á máa kọ́ aláìsàn, kíndìnrín á máa jìyà, wíwú náà á tún padà. Tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tó ń ṣe albumin, bá dára, ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò alpha-1 antitrypsin nínú ìgbẹ́. Purotéènì ẹ̀jẹ̀ ni, oje ìfun kì í sì í sábà rí i fọ́. Tó bá pọ̀ nínú ìgbẹ́, ìfun ló ń jò. Ìgbẹ́ wákàtí 24 ló dáa jù, kí ìtọ̀ má kàn án, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní láàbù bóyá wọ́n ń ṣe é.

Tí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tó ń gbóná tàbí tó ń dùn ún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí wọ́ ọ o! Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan. Bí wọ́n bá wọ́ ọ, ó lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild lójú ẹsẹ̀. Tí èémí bá ń há a, ẹ má dúró rárá.

Ìtọ́jú egbò náà ló ń dí ojú ibi tó ń jò, dókítà ìfun mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò kí prednisolone tàbí infliximab (oògùn tó ń dín ààbò ara kù) tó wọlé, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun jọ Crohn gan-an. Kó má lo oògùn ìrora bíi ibuprofen tàbí diclofenac.

Ti ẹyin: ẹni tó wọn kílò 60 nílò purotéènì gíráàmù 72 sí 90 lójúmọ́ nígbà tí àìsàn bá ń jà. Ẹyin kan kò ju bíi 6 lọ. Ẹ fi ẹja àti mọ́ínmọ́ín tí wọ́n bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ kúrò kún un, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́. Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CRP, tó ń fi hàn bóyá àìsàn ṣì ń jà, pẹ̀lú albumin: tí CRP bá ti wálẹ̀ tí albumin kò gòkè, kí wọ́n tún wá ìdí mìíràn.