Tírígà ìbọn mi le jù: ṣé kí n gbé e fún alágbẹ̀dẹ?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ń gbé níbí ní Abuja. Mo ní ìbọn ọdẹ oníbóòtù kan, Remington 700 àtijọ́, orúkọ mi ló wà lórí ìwé àṣẹ rẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni tírígà rẹ̀ ti le. Kí n tó fà á tán, ẹnu ìbọn á ti mì, ọta á sì gba ibòmíràn lọ. Ìgalà méjì ló ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lápá Abaji. Alágbẹ̀dẹ kan ní òun lè fi fáìlì ha irin inú rẹ̀ kó lè rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n ra tírígà tuntun láti òkè òkun, kí n fọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e fún alágbẹ̀dẹ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín dáadáa.

Nígbà tí ẹ bá ti bóòtù, ìyẹn irin gbọọrọ tó ń ti ọta wọnú ìbọn, síwájú tí ẹ sì tẹ apá rẹ̀ wálẹ̀, sípíríǹgì líle kan ti ká jọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìbọn. Ìkọ́ irin kékeré kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà fò lọ gún ìdí ọta. Ibi tí ìkọ́ yẹn ti gbé ara lé irin tó dì í mú kì í sábà tó mìlímítà kan. Wọ́n ti sè ojú irin náà kó lè le, ṣùgbọ́n awọ òkè nìkan ló le bẹ́ẹ̀, ó sì tín-ín-rín. Bí fáìlì bá ha awọ yẹn kúrò, irin rírọ̀ ló kù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tírígà á rọ̀ bí òwú, inú oníbọn á dùn. Bó bá yá, irin rírọ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, igun rẹ̀ á yí, kò sì ní lè di nǹkan kan mú mọ́.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àmọ́rì, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìbọn tí wọ́n sì ń tún un ṣe, ọdẹ kan gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì wá láti apá Kuje. Ó ní ó ti rọ̀ jù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, mo fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn kó lè kọ́, mo wá fi ìdí rẹ̀ gbún tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ká! Òòlù ti já, ìka ẹnikẹ́ni kò sì sí lórí tírígà. Mo tú u, mo rí ojú fáìlì lára ìkọ́ rẹ̀ gbàgàdà. Oṣù mẹ́ta ni ọkùnrin náà ti fi ń gbé e kọ́ èjìká lórí ọ̀kadà, tòun tọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Mi ò lè gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe rí nígbà tó yé e.

Ní ti ìbọn yín, ohun tí mo dì mú nínú ọ̀rọ̀ yín ni "láti ìgbà ọyẹ́". Eruku ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà wá bá wa níbí kúnná bí èlùbọ́. Bó bá bá epo nínú ihò tírígà, ṣe ló máa ń po pọ̀ mọ́ ọn, tí á di ẹrẹ̀ tó gan. Ọ̀pọ̀ tírígà "líle" tí wọ́n gbé wá bá mi, ìdọ̀tí lásán ni. Ẹ kó gbogbo ọta jáde, ẹ kó ọta náà lọ sí yàrá mìíràn, ẹ yọ bóòtù. Ẹ wá jáde síta, níbi tí iná kò sí, kí ẹ da epo tí wọ́n ń rọ sínú láítà onírin sínú ihò tírígà. Epo yẹn máa ń fọ ọ̀rá lọ, kì í sì í fi ohunkóhun sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ro, ẹ tún da òmíràn, títí ohun tó ń ro á fi mọ́. Bó bá gbẹ tán, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má da epo ẹ́ńjìnnì tàbí gíríìsì sí i, torí ìyẹn ló ń pe eruku padà.

Lẹ́yìn náà ẹ dá bóòtù padà sáyè rẹ̀, kí ẹ wọn bí tírígà ṣe le tó. Òṣùwọ̀n ìkọ́ tí àwọn èèyàn fi ń wọn báàgì kí wọ́n tó lọ wọkọ̀ òfuurufú tó fún iṣẹ́ yìí. Pẹ̀lú ìbọn òfìfo tí ẹ ti kọ́, ẹ fi ìkọ́ òṣùwọ̀n náà kọ́ àárín tírígà, ẹ fà á sẹ́yìn gbọọrọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ní ìgbà márùn-ún, kí ẹ wo iye tí òṣùwọ̀n fi hàn nígbà tí tírígà bá já. Páùn 3 sí 5, ìyẹn nǹkan bíi kílò 1.4 sí 2.3, dára fún ìbọn ọdẹ. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe é wá sísàlẹ̀ páùn 3. Ọdẹ tó ti rìn láti òru, tí òtútù ti mú ìka rẹ̀, kò mọ ìgbà tó ti fi agbára tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tẹ nǹkan.

Irú ìbọn yín gan-an tún jẹ́ kí n ṣọ́ra. Láti 1962 tí Remington 700 ti jáde ló ti ní irin pẹlẹbẹ kan láàárín tírígà àti ìkọ́, wọn kò sì dè é mọ́ tírígà. Bí ìdọ̀tí bá há sáàárín wọn, irin náà lè má padà sáyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe ẹjọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí àwọn tó ní ìbọn dún nígbà tí àwọn kàn ṣí séfítì, ìyẹn ìdènà tí kì í jẹ́ kí ìbọn dún. Irú tírígà tuntun tó rọ́pò rẹ̀, X-Mark Pro, ni Remington alára ní kí àwọn èèyàn dá padà ní 2014, nítorí gọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2006 sí 2014.

Nítorí náà, bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán tó ṣì le, mo fara mọ́ pípààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Timney ń ṣe odindi tírígà tí ń wọ ìbọn yín wẹ́kú, píìnì méjì péré ló sì dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ má sì pàṣẹ rẹ̀ láti òkè òkun kí ẹ tó lọ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Òfin ìbọn wa, tó ti wà láti 1959, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti tún ìbọn ṣe bí kò ṣe ní àmọ́rì ìjọba tàbí ti ológun. Òfin yẹn kan náà tò ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ sí ọ̀tọ̀, ó sì to ìbọn yín sí ọ̀tọ̀.

Ẹni yòówù kó ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó dán an wò lójú yín láìsí ọta. Kó kọ́ ọ, kó fi séfítì sí i, kó fa tírígà gan-an, kó fi í sílẹ̀, kó wá ṣí séfítì: kò gbọdọ̀ dún. Kó gbá bóòtù wọlé kíkankíkan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: kò gbọdọ̀ dún. Kó fi òòlù rọ́bà lu ìdí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì: kò gbọdọ̀ dún. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ yọ bóòtù, ẹ tì í mọ́ ibi ọ̀tọ̀, kí ìbọn náà sì wà lọ́dọ̀ àmọ́rì.