Ta ló ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ mi kúrò?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìkànnì kan yọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbẹ̀ kúrò, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi, pé ó tako ìlànà wọn. Ǹjẹ́ mo lè mọ̀ bóyá ìjọba ló ní kí wọ́n yọ ọ́, tàbí bóyá ẹnikẹ́ni ti gba àkọsílẹ̀ mi lọ́wọ́ wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án àti ẹni tó fi í kàn án, nítorí náà ìbéèrè yín tọ́.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń sọ fún gbogbo ayé yàtọ̀ sí ohun tí ó yẹ kí wọ́n sọ fún yín. Ti gbogbo ayé ni ìjábọ̀ àkóyawọ́, èyí tí Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde lọ́dún 2010, tí Facebook àti Microsoft sì tẹ̀lé e lọ́dún 2013, ọdún tí Edward Snowden tú àṣírí bí àwọn aláàbò Amẹ́ríkà ṣe ń ṣọ́ àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye ìgbà tí ìjọba kọ̀ọ̀kan ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kúrò tàbí kí wọ́n fún òun ní àkọsílẹ̀ ènìyàn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìdá tí ilé-iṣẹ́ gbà fún wọn nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ fara balẹ̀ ka ìdá yẹn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn fún ìjọba ní àkọsílẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ orúkọ àti àdírẹ́sì íméèlì nìkan, ó sì lè jẹ́ gbogbo lẹ́tà tí ènìyàn ti kọ láti ọdún mẹ́wàá. Ọ̀kan náà ni wọ́n ka méjèèjì sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo sì lè kan ọ̀pọ̀ àkáǹtì. Èyí tó dùn mí jù ni pé òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí wọ́n sọ iye pàtó àwọn àṣẹ tó jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè: wọ́n á kọ “0 sí 499”, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ̀ bóyá òdo ni tàbí irinwó.

Ní ti ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ wo Lumen, ibi ìpamọ́ tí Google àti àwọn mìíràn ń fi ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi ní kí wọ́n yọ nǹkan ránṣẹ́ sí. Bí ẹ bá ń gbé ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin Digital Services Act, tó kan gbogbo irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 2024, ti sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n sọ ìlànà tí ẹ rú fún yín, bóyá ẹnìkan ló fi tó wọn létí, bóyá ẹ̀rọ ló ṣe ìpinnu, àti ọ̀nà tí ẹ lè gbà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Níbòmíràn, ẹ kọ̀wé béèrè ohun kan náà. Kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti dákẹ́.

Ní ti àkọsílẹ̀ yín, Google àti Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, ní àwọn máa ń sọ fún ẹni tọ́rọ̀ kàn kí àwọn tó fún ìjọba, àyàfi tí òfin bá dí wọn lẹ́nu tàbí tí ẹ̀mí ènìyàn bá wà nínú ewu. Íméèlì ni irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà wá, ẹ má ṣe gbàgbé láti wo ibi tí àwọn lẹ́tà tí ẹ kò béèrè fún ń wọ̀ sí.