Àsè tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe oníbàárà lálejò: ọ̀rọ̀ ọtí, àpòòwé àti ìrun

Ìbéèrè

As-salaamu alaykum, Àáfà wa. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ni mo ti ń dáná fún òde. Ilé-iṣẹ́ kan láti Kútọnù fẹ́ kí n bá wọn se àsè alẹ́ fún 120 èèyàn: àwọn oníbàárà wọn ńláńlá, àtàwọn tó ń rajà fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n ní kí wáìnì àti ṣàǹpéènì wà níbẹ̀. Tí mi ò bá fẹ́ rà á, wọ́n ní àwọn á rà á, kí àwọn ọmọ mi ṣáà máa bù ú fún àlejò. Wọ́n tún ní kí n di ẹ̀bùn fún gbogbo èèyàn, kí n sì mú àpòòwé owó mẹ́ta lọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀gá mẹ́ta kan. Aago méje alẹ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè. Ilé ìtura tí a fẹ́ lò ní òun á fún mi ní ìdá kan nínú mẹ́wàá owó gbọ̀ngàn, nítorí pé èmi ni mo mú oníbàárà wá. Ṣé mo lè gba iṣẹ́ yìí? Tí mo bá lè gbà á, báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn

Wa alaykumus-salaam. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Arábìnrin wa, àlejò ṣíṣe kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn nínú ẹ̀sìn wa. Súrà Dháríyáàt sọ bí Ànábì Ibrahim ṣe ṣe é: àlejò wọlé, ó yọ́ lọ bá ará ilé rẹ̀, ó gbé ọmọ màlúù tó sanra wá, ó sì sún un mọ́ wọn. Oníṣòwò tó fún oníbàárà rẹ̀ lóúnjẹ kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ohun tó ń ba irú àsè yìí jẹ́ kò pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣeé yọ kúrò, bí ẹ bá yọ ọ́ kí ẹ tó gba àsansílẹ̀. Tí owó bá ti wọ ọwọ́ yín, tí àlejò sì ti jókòó, kò sí ẹni tó máa gbọ́ tiyín mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọtí. Nínú hádíìsì Anas tí Tirmidhi àti Ibn Majah kọ sílẹ̀, èèyàn mẹ́wàá ni Ànábì gégùn-ún fún nítorí rẹ̀: ẹni tó pọn ọ́n, ẹni tó ní kí wọ́n pọn ọ́n, ẹni tó mu ún, ẹni tó rù ú, ẹni tí wọ́n rù ú lọ bá, ẹni tó bù ú fún èèyàn, ẹni tó tà á, ẹni tó jẹ owó rẹ̀, ẹni tó rà á, àti ẹni tí wọ́n rà á fún. Ẹ rí i pé ẹni tó mu ún kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Àwọn ọmọ tí ẹ máa kó lọ, "ẹni tó bù ú" ni tiwọn. Nítorí náà, pé ilé-iṣẹ́ ló fowó ara rẹ̀ rà á kò yọ yín, kò sì yọ wọ́n.

Bí wọ́n bá wá ní àwọn á mú ọtí àti agbọ́tí wọn wá, kí ẹ̀yin gbájú mọ́ oúnjẹ ńkọ́? Owó oúnjẹ tó mọ́, owó mímọ́ ni. Ṣùgbọ́n Jabir gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì, Tirmidhi sì kọ ọ́, pé ẹni tó bá gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́, kó má ṣe jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí yí ká. Súrà Máídà sì sọ pé kí a má ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ náà mọ bó ṣe máa ń rí: yìnyín tí ẹ rà ni wọ́n máa fi mú ìgò wọn tutù, ife tí ẹ yá ni wọ́n máa fi bù ú, agbọ́tí kan kò ní wá, wọ́n á sì pe ọmọ yín pé kó bá àwọn ṣí ìgò méjì péré. Láàárín wákàtí kan, àdéhùn ti fọ́.

Ẹ sọ fún wọn pé àsè tí kò ní ọtí lẹ̀ ń ṣe. Bí wọ́n bá gbà, ẹ ṣọ́ra fún devis yín, ìwé tí ẹ máa ń kọ iye owó iṣẹ́ sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ "boissons" (ohun mímu) kí ẹ sì fi iye owó kan ṣoṣo sí iwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọtí máa ń gbà wọlé, tí wọ́n á ní owó rẹ̀ ṣáà ti wà nínú ohun tí àwọn san. Ẹ dárúkọ ohun mímu kọ̀ọ̀kan, iye lítà rẹ̀ àti owó rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ní ìlà kan pé a kì í gbé ọtí wọ gbọ̀ngàn nígbà tí àwọn ènìyàn wa bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń bẹ̀rù ni kí àlejò má pe àwọn ní ahun. Ẹ fi ohun mímu tó dára pa ẹ̀rù yẹn. Fún 120 èèyàn tó máa jókòó wákàtí mẹ́ta, ẹ ṣírò ife mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ife kan jẹ́ 25 cl, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin lítà. Lítà 90 nìyẹn. Ẹ fi 10 kún un nítorí ooru. Ẹ lè ṣe lítà 60 ní bísáàpù (omi ìṣápá, tí àwọn kan ń pè ní sóbò), kí 40 jẹ́ omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ata ilẹ̀. Gíráàmù 50 ìṣápá gbígbẹ tó fún lítà omi kan, ìyẹn kílò mẹ́ta fún lítà 60. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní pain de sucre, tó ń ti ìhà Allada wá dùn débi pé kò nílò ṣúgà. Omi inú ìgò kékeré, 240, wà lọ́tọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ nìyí, nítorí pé omi èso fúnra rẹ̀ lè di ọtí lọ́wọ́ ẹni tó sá fún ọtí. Imam Muslim kọ ọ́ láti ẹnu Ibn Abbas pé wọ́n máa ń rẹ èso àjàrà gbígbẹ sómi fún Ànábì, á mu ún lọ́jọ́ náà, lọ́jọ́ kejì, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kò ní mu ún mọ́, wọ́n á dà á nù. Nínú ooru tiwa, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìwúkàrà wà lára èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ó ń jẹ ṣúgà inú omi náà, ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Ẹni tó bá fún omi rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, tó da ṣúgà sí i, tó dé e pa nínú kẹ́ẹ̀gì sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, á rí i nírọ̀lẹ́ Sátidé pé ìfófòó ti wà lójú rẹ̀, ìdérí ti wú, ó sì ń ta ahọ́n. Ẹ má ṣe da ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ṣúgà sí irú rẹ̀ láti fi bo adùn náà mọ́lẹ̀. Ẹ dà á nù.

Láàárọ̀ ọjọ́ àsè gan-an ni kí ẹ se ìṣápá, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ṣúgà wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn ọ̀sán ni kí ẹ fún omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kó sì bọ́ sínú yìnyín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ kẹ́ẹ̀gì, torí ìyókù iṣẹ́ tó kọjá tó lẹ̀ mọ́ ọn nínú ló ń tètè ba tuntun jẹ́.

Ti ẹran kò gùn. Bí ẹ bá rí adìyẹ yìnyín tó ti òkè òkun wá lọ́jà, ẹ ò lè mọ ẹni tó pa á. Ẹ ra ti ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó ń dárúkọ Ọlọ́hun, kí ẹ sì rí i pé alásè yín kò fi wáìnì se ọbẹ̀ òyìnbó kankan.

Aago méje tí wọ́n kọ yẹn, ẹ ní kí wọ́n yí i padà. Ní Àjàṣẹ́, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 25 ní oṣù kọkànlá, sí nǹkan bí aago méje kọjá ìṣẹ́jú 10 ní oṣù keje. Nínú ojú ọ̀nà Imam Malik tí a ń tọ̀, àkókò Mọ̀gàríbì, ìrun ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, ṣe tóóró. Kí àlejò máa wọlé láti aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú 15, kí oúnjẹ jáde ní mẹ́jọ ààbọ̀. Àwọn Mùsùlùmí inú àlejò náà á ti kírun kí wọ́n tó dé. Ẹ tún gba yàrá kan lọ́wọ́ ilé ìtura, ẹ tẹ́ ẹní síbẹ̀, ẹ gbé búútà mẹ́fà síbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń méfò nípa ibi tí Kíbílà wà nínú ilé ìtura: láti Àjàṣẹ́, ìlà oòrùn tó yí sí àríwá ni, nǹkan bí dígírì 64 lórí kọ́ńpáàsì. Kí àwọn ọmọ yín pín sí ọ̀nà méjì, kí àwọn tó ń dáná kírun ṣáájú, kí àwọn tó ń gbé oúnjẹ tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá ní "ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí," ọ̀gànjọ́ ló máa bá a níbẹ̀.

Ọtí ni gbogbo èèyàn máa ń bi wá. Àpòòwé ni wọn kì í fẹ́ bi wá, inú mi sì dùn pé ẹ bi mí, nítorí èmi rí i pé òun ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ànábì rán ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyya lọ gba sàká. Nígbà tó dé, ó ní: "Èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ." Ànábì bọ́ sórí mínbárì, ó sì béèrè pé kí ló dé tí kò jókòó sílé bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀, kó wò ó bóyá wọ́n máa fún un lẹ́bùn. Bukhari àti Muslim ló kọ ọ́. Ẹ fi ìbéèrè yẹn wo àwọn ọ̀gá mẹ́ta náà: bí wọn kò bá jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń yan ẹni tí wọ́n máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé àpòòwé máa dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ẹ̀bùn tí gbogbo àlejò gbà lójú gbogbo èèyàn, tí kò níye lórí púpọ̀, bíi kàlẹ́ńdà, ìwé àkọsílẹ̀ tàbí pálì èso dábínù kan, kò burú. Èyí tó burú ni èyí tí wọ́n fún ẹnì kan ní kọ̀rọ̀, tó tóbi ju ti àwọn yòókù lọ, tó sì bọ́ sí àkókò tí àdéhùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, ọ̀gá rẹ̀ ló ń ṣojú fún. Kó jẹ́ kí ọ̀gá náà mọ̀, kó sì yọ̀ǹda fún un. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin 2011-20 ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lórí ìwà ìbàjẹ́ tún wà níbẹ̀. Ànábì gégùn-ún fún ẹni tó fún èèyàn lábẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tó gbà á; ẹ má ṣe yá wọn lọ́wọ́ yín láti máa fi gbé e. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní òun á fún àwọn ọ̀gá náà fúnra òun, ẹ ti sọ tẹnu yín. Ṣùgbọ́n kí owó náà má ṣe gba inú fàtúrà yín (ìwé owó tí ẹ máa gbé fún wọn) kọjá. Wọ́n lè ní kí ẹ fi kún owó òdòdó tàbí ti ẹ̀bùn, kí ẹ sì dá a padà fún wọn lówó. Irọ́ ni, ẹ̀yin lẹ sì fọwọ́ sí i.

Ti ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ilé ìtura fẹ́ fún yín: bó bá jẹ́ pé owó iṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ ń san fún yín láti bá wọn wá gbọ̀ngàn, tí gbọ̀ngàn jẹ́ 400,000 sẹ́fà, 40,000 tí ilé ìtura dá padà, ti ilé-iṣẹ́ ni, ẹ sọ fún wọn, tí wọ́n bá ní kí ẹ mú un, ẹ mú un. Bó bá jẹ́ iye kan ṣoṣo lẹ pè fún gbogbo àsè, èrè yín ni.

Ẹ kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, kí wọ́n fọwọ́ sí i kí ẹ tó gba kọ́bọ̀. Bí àsansílẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ yín, tí wọ́n sì kọ̀ láti yọ ọtí kúrò, ẹ dá a padà fún wọn pátá. Bí ẹ bá ti ná nínú rẹ̀ lórí ohun tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ fi ìwé rẹ̀ hàn wọ́n, kí ẹ jọ ṣírò rẹ̀. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.