"Stripper" ni wọ́n kọ síwájú orúkọ bàbá ìyàwó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Blackburn ni mò ń gbé nílùú ọba, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ọkọ mi sí, òyìnbó ni. Ìyá ọkọ mi papòdà ní oṣù kejì, ibi tá a ti ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ la ti rí agolo bisikíìtì kan lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé ìgbéyàwó ìyá àgbà wọn wà nínú ẹ̀, 1898, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni màmá yẹn nígbà náà, wọ́n kọ "cotton weaver" síwájú orúkọ wọn. Ojú ewé Bíbélì kan náà wà ńbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ márùn-ún sí. Ọmọ mi ló wá kà á sókè pé iṣẹ́ bàbá ìyàwó ni "stripper and grinder", ẹ̀rín fẹ́ pa àbúrò ọkọ mi, ojú sì tì mí níwájú ọmọ. Ọkọ mi lọ tẹ fọ́ọ̀mù ìkànìyàn 1911 jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì, òfìfo ni ibi tó yẹ kí wọ́n kọ iṣẹ́ màmá sí, ó ní ṣé mo rí i, wọ́n ti fiṣẹ́ sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti lọ́kọ. Èmi ò gbà. Fọ́ọ̀mù yẹn kan náà sọ pé ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, mẹ́rin wà láyé, méjì ti kú, Bíbélì sì ní márùn-ún! Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ìyá àgbà tèmi, adìrẹ ni wọ́n ń ṣe ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, bóyá ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. – Ìyàwó Ilé, Blackburn

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò ńlẹ̀. Bàbá yẹn ò bọ́ṣọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú mílì òwú, kí wọ́n tó ran òwú rárá, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń yà á bí ẹni fi ìyarun yarun, rólà ńlá ni, wọ́n fi wáyà tín-tìn-tín bo gbogbo ara ẹ̀, eyín wáyà yẹn ló ń na òwú kó lè tọ́. Tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, pàǹtí òwú á dí eyín yẹn pa. Ẹni tó ń bó pàǹtí yẹn kúrò ni stripper, òun náà ló ń pọ́n wáyà tó bá ti kú, ìyẹn ni grinder. Iṣẹ́ ọkùnrin ni, eruku ẹ̀ sì burú, ikọ́ ni wọ́n fi ń gbowó oṣù kí n má purọ́, àwọn tó ń ṣe é a máa sọ pé ọjọ́ Mọ́ńdè ni àyà máa ń fún àwọn jù, tí wọ́n bá ti sinmi Sọ́ńdè tán. Torí náà tẹ́ ẹ bá gba ìwé ikú bàbá yẹn tẹ́ ẹ rí "bronchitis" níbẹ̀, kó má yà yín lẹ́nu, dókítà ò ní kọ mílì síbẹ̀ o, ẹ̀yin lẹ máa so ó pọ̀ fúnra yín.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Ẹ bá mi bi í, ta ló kọ fọ́ọ̀mù 1911? Baálé ilé ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́, ìwé ọwọ́ ọkọ màmá gan-an lẹ̀ ń wò yẹn. Nǹkan tí ọkọ kọ la rí, a ò tíì rí nǹkan tí ìyàwó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń jí lọ síṣẹ́ láàárọ̀ kùtù ni wọ́n fi ibi tó yẹ kí wọ́n kọ iṣẹ́ wọn sí sílẹ̀ lófìfo torí pé wọ́n ti di ìyàwó ilé, àmọ́ Blackburn kọ́ lẹ máa ti sọ pé obìnrin tó mọ aṣọ hun jókòó sílé torí ó lọ́kọ. Láti 1892 ni wọ́n ti fọwọ́ sí iye owó kan náà fún gbogbo ahunṣọ, wọ́n ń pè é ní Uniform List, iye tí ọkùnrin ń gbà lórí ìdì aṣọ kan náà ni obìnrin ń gbà. Iṣẹ́ wo nílẹ̀ òyìnbó nígbà yẹn ló fún obìnrin ní irú ẹ̀? Òfì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ni ahunṣọ tó gbóná ń dá tọ́jú, ariwo ẹ̀ ò sì jẹ́ kéèyàn gbọ́ ẹni tó dúró tì í, ètè ara wọn ni wọ́n ń wò láti mọ nǹkan tẹ́nì kejì ń sọ. Ọkọ̀ tí àwọn aláṣọ òkè wa ní Ìsẹ́yìn ń jù láti ọ̀tún sí òsì, ẹ̀rọ ló ń jù ú níbẹ̀, tí òwú inú ẹ̀ bá tán, ahunṣọ á ki òmíì bọ̀ ọ́, á wá fi ẹnu fa òwú yẹn gba ihò ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ jáde. Ẹnu tèmi, ẹnu ẹlòmíì, ọkọ̀ kan náà. Ìfẹnukonu ni wọ́n sọ orúkọ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ borí ọkọ yín, ìwé méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá. Àkọ́kọ́ ni ìkànìyàn 1921, ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń ti ìwé yẹn pa, January 2022 ni wọ́n ṣí i. Òun ló dáa jù fún ọmọ mílì torí pé wọ́n bi kálukú pé ta lọ̀gá ẹ àti ibo lo ti ń ṣiṣẹ́, tórúkọ màmá bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mílì, ìjà parí. Èkejì ni 1901. Ẹ má wo ilé wọn nìkan, ẹ wo gbogbo ojú ewé náà àti èyí tó tẹ̀ lé e, torí pé olùkànìyàn kọ ilé tẹ̀ lé ilé ni. Ta ló ń gbé nítòsí? Ṣé ìyá wọn ni, àbí ìyá ọkọ, àbí opó kan tí ò ṣiṣẹ́ kankan? Ó lè jẹ́ ẹni tó ń gba ọmọ tọ́jú nìyẹn, kí màmá lè lọ síṣẹ́. Ẹ má retí 1931, iná jó gbogbo ẹ̀ ní 1942, 1941 ò sì wáyé rárá nítorí ogun. Ìwé September 1939 tí wọ́n fi kọ orúkọ aráàlú sílẹ̀ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ wà, ó ní ọjọ́ ìbí pàtó, àmọ́ màmá á ti tó arúgbó nígbà yẹn.

Ẹ má tíì sanwó fún nǹkan kan o. Ọ̀pọ̀ láíbrárì ìlú ló ní àwọn ìkànnì olówó yẹn lórí kọ̀ǹpútà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ béèrè ní Blackburn. Èmi náà ti fowó ara mi ra ìwé ikú obìnrin kan rí, orúkọ kan náà, ìlú kan náà, ọjọ́ orí fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, mo tiẹ̀ ti ń ṣàánú ẹ̀ kí n tó rí i pé ọkọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Mary àti Alice pọ̀ ní Lancashire, agbègbè tí Blackburn wà, bí Ìyábọ̀ ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àdírẹ́sì ni kẹ́ ẹ fi mọ tiyín.

Ọ̀rọ̀ ọmọ kẹfà ló gbà mí lọ́kàn jù. Ẹ gbé ojú ewé Bíbélì yẹn sọ́dọ̀ fèrèsé, ẹ wo yíǹkì ẹ̀. Tó bá jẹ́ yíǹkì kan náà, ọwọ́ kan náà látòkè délẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ gbogbo ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n sì lè fo ọmọ tí ò pẹ́ láyé. Ẹ tún wo ọjọ́ ìbí ẹni tó kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn 1911 ni wọ́n bí i, á jẹ́ pé ọmọ méjì lẹ̀ ń wá, kì í ṣe ẹyọ kan. Àtọkà ìbí àti ikú lórí ìkànnì GRO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ìbí àti ikú, ni kẹ́ ẹ lọ, ọ̀fẹ́ ni wíwá ẹ̀, ẹ tẹ orúkọ ìdílé ọkọ, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ ìdílé tí màmá ń jẹ́ kí wọ́n tó lọ́kọ sí àyè tiẹ̀, Blackburn, 1898 sí 1911. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí á jáde, ẹ yọ àwọn tẹ́ ẹ mọ̀ kúrò, ẹ wá fi èyí tó kù wá inú àtọkà ikú.

Ti Ìtòkú tẹ́ ẹ mẹ́nu bà yẹn ò jìnnà síbí o. Aṣọ funfun òyìnbó tí àwọn aládìrẹ fi ń ṣiṣẹ́, mílì Lancashire ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti wá, òwú Abẹ́òkúta gan-an ti lọ sí Manchester láyé Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ará Manchester, ní nǹkan bí 1850 ó lé. Mi ò ní sọ pé aṣọ tí ìyá àgbà yín pa láró, ìyá àgbà ìyá ọkọ yín ló hun ún, àmọ́ ẹ lè sọ ọ́ fún àbúrò ọkọ yín tó ń rẹ́rìn-ín.

Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ ọmọ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi báírò kọ ọ́ mọ́ ojú ewé Bíbélì. Kí ọmọ yín fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí bébà tuntun, kẹ́ ẹ fi sínú agolo náà pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i.