Kí ló dé tí omi Odò Ọya fi tún ń pọ̀ sí i ní ìsédò Kainji nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Òjò tó ti rọ̀ ní òkè Fouta Djallon ní Guinea, ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn, ló ń dé Kainji nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò yìí máa ń kún lọ́dún kó tó dé ìsédò náà. Ti àkọ́kọ́ máa ń dé láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá. Òjò ìtòsí àti àwọn odò bíi Sókótó ló ń mú un wá, ẹrẹ̀ sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ìkejì, tí wọ́n ń pè ní àkúnya dúdú, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ inú ọdún tuntun. Àbàtà ńlá tó wà ní Mali ló ń dá a dúró: omi á tàn káàkiri níbẹ̀, ẹrẹ̀ á rọlẹ̀, oòrùn á sì fa púpọ̀ nínú rẹ̀ gbẹ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń mọ́ tó bá dé. Omi yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí òun ló ń ran iná mànàmáná Kainji àti Jẹ́bà lọ́wọ́ nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró.

Odò Bẹ́núé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò nìkan ló ń kún, omi tí wọ́n bá sì tú sílẹ̀ láti ìsédò Lagdo ní Cameroon lè fi kún un. Nítorí náà, kí àwọn ará Lọ́kọ́ja, níbi tí odò méjèèjì ti pàdé, máa tẹ̀ lé àsọtẹ́lẹ̀ àkúnya omi tí àjọ NIHSA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi àti odò ní Nàìjíríà, ní Abuja ń gbé jáde lọ́dọọdún.