Kíbọ́ọ̀dù ojú kọ̀ǹpútà kò lè gbà yín lọ́wọ́ keylogger

Bọ̀dá, ẹ ní ẹ fura pé keylogger, ohun tí olè fi ń ka gbogbo bọ́tìnì tí èèyàn bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, ti wọ kọ̀ǹpútà ilé yín, ẹ wá ń bèèrè bóyá tí ẹ bá ń fi máòsì tẹ password lórí kíbọ́ọ̀dù tó máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, olè kò ní rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé e. Èmi náà gbára lé e rí.

Àdìrẹ ni mò ń tà nílùú Òṣogbo níbí. Ilé wa ní Òkè-Fìà ni kọ̀ǹpútà náà wà, gbogbo wa la sì jọ ń lò ó, tọmọdé tàgbà. Lọ́dún 2022, mo ń wá software tí màá fi máa tún àwòrán aṣọ ṣe. Ẹni tó bá mi wá a gbé èyí tí wọ́n ti crack (wọ́n ti já ìdè rẹ̀ kí èèyàn lè lò ó láìsanwó) fún mi, inú fláàṣì ló kó o sí. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó sọ pé kí n kọ́kọ́ pa antivirus. Mo pa á. Olè ní kí onílé lọ so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, onílé sì so ó.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, lóru ọjọ́ kan, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí ẹní. ₦187,000 ti lọ nínú àkáǹtì báǹkì mi. Kí n tó dìde jókòó, OTP, nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí báǹkì fi ń mọ̀ pé èmi ni mo fẹ́ fi owó ránṣẹ́, tún wọlé, n kò sì bèèrè fún un. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, káàdì wà nínú báàgì mi. Àṣé báǹkì máa ń fi OTP yẹn ránṣẹ́ sí fóònù àti ìméèlì pa pọ̀, olè sì ti jókòó sínú ìméèlì mi.

Èyí tó dùn mí jù ló kù. Mo yí password ìméèlì náà padà lóru yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, wọ́n tún ti wọlé. Mo tún un yí, mo kó àmì àti nọ́ńbà sí i títí ó fi gùn gbọọrọ. Wọ́n tún wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹta, kíbọ́ọ̀dù ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń bèèrè yìí gan-an ni mo lò, wọ́n ṣì wọlé. Orí kọ̀ǹpútà kan náà ni mo ti ń yí gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń na kọ́kọ́rọ́ tuntun sí wọn.

Lórí Windows, bọ́tìnì tí ẹ bá fi máòsì tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, bíi bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù gidi ni ẹ̀rọ ṣe ń gbà á, torí náà ọ̀pọ̀ keylogger ń rí i. Àwọn mìíràn ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń ka ohun tí ẹ bá kọ́pì. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Agent Tesla, tó ti wà láti 2014, ń ṣe gbogbo èyí, ó tún ń kó password tí ẹ bá fi pamọ́ sínú browser.

Ohun tó gbà mí nìyí. Mo pe báǹkì kí wọ́n ti àkáǹtì mi pa. Fóònù ni mo wá fi yí password, n kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Mo jáde lórí gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ìméèlì náà, torí ẹni tó bá ti wọlé tẹ́lẹ̀ lè máà nílò password mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wo ibi tí wọ́n ti ń ṣètò pé kí ìméèlì máa kọjá lọ síbòmíràn. Àdírẹ́sì kan tí n kò mọ̀ rí ló wà níbẹ̀! Ká ní n kò wò ó ni, gbogbo ohun tí mo bá gbà ni wọn ì bá máa rí lọ. Ẹ rí i pé ẹ wo ibẹ̀.

Ní ti kọ̀ǹpútà, Microsoft Defender, antivirus tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, ní àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní offline scan. Ẹ̀rọ á kú, á tún tan, á sì yẹ ara rẹ̀ wò kí Windows tó ṣí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ó mú nǹkan nínú tèmi, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi Windows tuntun sí i. Fọ́tò àti ìwé mi nìkan ni mo dá padà, n kò dá software kankan padà.

Báyìí, kálukú ló ní àkáǹtì tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà wa, kò sì sí ọmọ tó lè fi nǹkan sí i láìjẹ́ pé èmi tẹ password. App tó ń mú nọ́ńbà tí mo máa tẹ̀ lẹ́yìn password jáde, tó sì ń yí i padà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30, ló ń ṣọ́ ìméèlì mi, orí fóònù ló wà. Mo sì ti gba token báǹkì, èyí tó ń mú nọ́ńbà jáde fúnra rẹ̀ dípò OTP tó ń gba ìméèlì wọlé.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni tiyín, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Keylogger mìíràn dà bíi fláàṣì kékeré, àárín wáyà kíbọ́ọ̀dù àti ojú ihò rẹ̀ ni wọ́n máa ń kì í bọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n nínú ilé.

Tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà yẹn lẹ ti ń ka èyí, ẹ má tẹ password kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ pa á, ẹ gbé fóònù, ìméèlì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yí.